Èjìká Ọ̀tún

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi gbé fóònù rẹ̀ sí mi níwájú, ó ní, "Màmá, ẹ wo bí obìnrin yìí ṣe ń gé aṣọ." Mo wò ó. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí, tí kò mọ̀ mí rí, tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ní kí ẹ wọn ibí, kí ẹ fi ìwọ̀n ìka kan sílẹ̀ níbí, kí ẹ má jẹ́ kí ọrùn ẹ̀yìn jìn tó ti iwájú. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé e ní gbangba, lójú gbogbo ayé. Kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń bẹ iṣu kan lọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé inú mi máa dùn. Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo ní kó gbé e kúrò lójú mi, ó sì ń bẹ̀ mí, ó ń bi mí pé kí ni òun ṣe. Kò ṣe nǹkan kan. Ọdún kan ló jí dìde nínú mi, ọdún tí mo parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń lé mi jáde nínú yàrá bí adìyẹ nígbàkígbà tí àlùmọ́gàjí bá fẹ́ kan aṣọ.

Ilé wa wà ní ìsàlẹ̀ àpáta gan-an ní Odode, ní Ìdànrè. Bí a bá ń gún iyán, àpáta á gba ìró odó náà, á dá a padà, àlejò á sì rò pé ilé méjì ló ń gún iyán lẹ́ẹ̀kan náà. Láàárọ̀, agogo àdúrà bàbá mi ló máa ń kọ́kọ́ dún, nítorí ilé Aládùúrà ni wá, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìgbálẹ̀ kí a tó kọrin tán. Lẹ́yìn rẹ̀ lẹ máa gbọ́ ṣàrà-ṣàrà ẹsẹ̀ wa nínú kòkó tí a sá sórí ẹní. Àwa ọmọdé la máa ń fi ẹsẹ̀ tú u ká kí oòrùn lè dé abẹ́ rẹ̀. Òórùn kòkó yẹn, tó kan díẹ̀ bí ọtí, kì í kúrò lára aṣọ wa títí ọdún á fi yí. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, á ti jókòó ti iná, wọ́n ń sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, wọ́n ń fi èdè Ìdànrè tó jinlẹ̀ bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gbọ́ mọ́. Orí òkè ni wọ́n bí wọn sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé àwọn ò tíì gbà pé ó yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá ti ń jinná, maṣíìnì á bẹ̀rẹ̀ ní yàrá iwájú, tàkì-tàkì-tàkì, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Télọ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin kan ní ìlú Oǹdó kó tó padà wálé, kò sì sí sùtánà kan nínú ìjọ wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló gé e. Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é níbi tó yẹ kí n ti pè é ní "wọ́n". Mo mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi tán ná.

Bàbá mi ní oko kòkó ní ọ̀nà Ofosu, nínú igbó lọ́hùn-ún, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò máa dáná fún àwọn òṣìṣẹ́. Ojú mi ni wọ́n ń wò. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí a ń jẹun, Ìyá Àgbà ti àwo ẹ̀bà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní, "Ilé tí maṣíìnì wà, tí a ó tún máa wáṣẹ́ fún ọmọ lọ sínú igbó? Jẹ́ kí Bọ́sẹ̀ kọ́ṣẹ́ nínú ilé." Bàbá mi yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ wí sí i?" Ìyá Télọ̀ fi omi ṣan ọwọ́ rẹ̀ láì kánjú. Ó ní, "Mo gbọ́. Bó bá fi máa di ọjọ́ Ìkórè, tó bá lè dá sùtánà gé, kó dúró. Bí kò bá lè gé e, kó lọ máa dáná ní Ofosu." Gbogbo ilé ní ó sọ̀rọ̀ àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Títí dòní, bí mo bá rántí orúnkún mi lórí ilẹ̀ yẹn, ara mi á gbóná.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́ mi ní nǹkan. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ kí ojú abẹ́rẹ́ má hàn síta. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń rán ẹ̀gbẹ́ sùtánà lẹ́ẹ̀mejì, kí a kọ́kọ́ rán an láti ìta, kí a tún yí i padà rán an láti inú, kí gbogbo òwú tó lè já wà ní àhámọ́, nítorí aṣọ funfun tí a ń fi omi gbígbóná fọ̀ kì í pẹ́ tú. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń so apá mọ́ èjìká láì jẹ́ kó kájọ. Mo mọ̀ ọ́n rán. Mo mọ̀ ọ́n rán débi pé nígbà tó yá, tó bá ń sùn lọ́sàn-án, èmi ló ń jókòó ti maṣíìnì. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé gígé ni iṣẹ́ wà? Ẹni tó mọ̀ ọ́n rán tí kò mọ̀ ọ́n gé, ọmọọ̀dọ̀ àlùmọ́gàjí ni. Bó bá sì ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ báyìí, tó tẹ́ aṣọ funfun lé e, nítorí a kì í jẹ́ kí aṣọ àdúrà fara kanlẹ̀, á gbójú sókè.

"Bọ́sẹ̀, lọ pọnmi."

"Omi kún àmù, mà."

"Dà á nù kí o lọ pọn òmíràn."

Kì í ṣe àwàdà. Mo dà á nù. Mo gbé korobá, mo gba ìdí àpáta lọ síbi omi, nígbà tí mo bá fi máa padà dé, aṣọ ti di kékeré-kékeré, ó ti so ó pọ̀ ní ìdì, ó ti fi ìjókòó rẹ̀ lé e lórí. Bí kò bá ṣe omi, á ní kí n lọ fẹ́ná sí áyọ́ọ̀nù. Bí kò bá ṣe iná, á ní kí n lọ lé ewúrẹ́ kúrò nídìí kòkó, ewúrẹ́ tí kò sí níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí náà láti ìta, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, bí ẹni ń jẹ nǹkan tó dùn tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn tọ́ ọ wò. Mo sunkún lọ bá Ìyá Àgbà. Wọ́n ní, "Bí wọn ò bá pe èèyàn wá jẹ ọbẹ̀, wọn ò lè ní kó má gbọ́ òórùn rẹ̀. Lo imú rẹ."

Mo lò ó. Títú aṣọ ló fà mí wọlé. Aṣọ tó bá ti gbó, Ìyá Télọ̀ á fún mi ní bíléèdì pé kí n tú u, kí a lè fi ibi tó dáa lára rẹ̀ ṣe inú kọ́là. Mo ń tú u, mo sì ń tẹ́ ohun tí mo tú sórí bébà sìmẹ́ǹtì, mo ń fi èédú fa etí rẹ̀ yíká. Kọ́là láti ara aṣọ kan, apá láti ara òmíràn. Mo ń kó àwọn bébà náà sábẹ́ ẹní tí mò ń sùn lé. Lọ́jọ́ kan ó ju sùtánà ọkùnrin kan sí mi, odindi, èyí tó ti gbó ní ìsàlẹ̀, ó ní kí n tú u pátá. Odindi sùtánà! Mo tú u lójú rán kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ. Nígbà tí mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo rí i pé ọ̀tún àti òsì ò dọ́gba. Èjìká ọ̀tún fi ìka méjì rẹlẹ̀ ju ti òsì lọ, ihò apá ọ̀tún sì jìn. Mo wò ó títí. Mo wá sọ fún ara mi pé, "Àṣírí rẹ̀ rèé! Ọwọ́ ọ̀tún ló ń ṣiṣẹ́, òun là ń gbé sókè bí a bá ń gbàdúrà, ó ní láti jẹ́ pé a máa ń fi àyè gbà á." Èrò ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi, èrò wo ni ẹ fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń lé síta ní? Mo fà á yíká bó ṣe rí, mi ò fi ìwọ̀n irun kan ṣìnà.

Ó rí bébà náà. Ibi tí inú ti ń bí mi jù nìyí. Ó ń wá ìgbálẹ̀, ó gbé ẹní mi sókè, ó rí gbogbo rẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó. Ó mú bébà sùtánà, ó tẹ́ ẹ, ó fi ìka rẹ̀ tọ èjìká ọ̀tún láti ọrùn débi apá. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dá a padà sábẹ́ ẹní, ó sì jáde. Mo rò pé ó ti fọwọ́ sí i. Mo rò pé ẹ̀rín náà, ẹ̀rín ẹni tí ọmọ rẹ̀ gbọ́n ni. Mo jẹ iyán méjì lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ méjì, bàbá mi gbé aṣọ funfun wá, wọ́n ní kí n gé ti Ìyá Àgbà. Mo tẹ́ ẹní. Mo tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ gbalaja, mi ò ṣẹ́ ẹ po, nítorí mi ò mọ̀ pé wọ́n ń ṣẹ́ ẹ po. Mo gbé bébà ọ̀tún lé e, mo fa ìlà, mo gbé ti òsì, mo fa ìlà. Ìyá Télọ̀ dúró lé mi lórí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Mò ń gbọ́ bí ẹ̀pà náà ṣe ń ró lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí mo gbé àlùmọ́gàjí dé èjìká ọ̀tún, ẹ̀pà dákẹ́.

Ó ní, "Ó dá ọ lójú?"

Mo ní, "Ó dá mi lójú, mà."

"Ó dáa. Máa gé e lọ."

Mo gé e. Ẹ̀pà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ró.

Ọjọ́ Ìkórè, Ìyá Àgbà wọ sùtánà náà. Èjìká wọn tọ́, àgbà obìnrin tí ọjọ́ orí ò tíì tẹ̀. Ọ̀tún aṣọ náà há wọn, ó fa ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, etí rẹ̀ ní ọ̀tún ká sókè, kókósẹ̀ kan hàn, èkejì ò hàn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bọ́ ọ, kí wọ́n wọ ti àná. Wọ́n ní, "Aṣọ tí ọmọ mi gé ni mò ń wọ̀." Wọ́n jáde sínú oòrùn, láìwọ bàtà, bí a ṣe ń ṣe, wọ́n gba àárín ìjọ lọ síwájú gan-an pẹ̀lú agbọ̀n iṣu wọn. Ìyá kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jù nínú àwọn akọrin bọ́ síwájú wọn, ó ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan lára yín ti ń lọ sọ́run ṣáájú ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà ní, "Bó bá dé ọ̀hún ṣáájú, á ti ròyìn ẹnu rẹ kí ìwọ fúnra rẹ tó dé." Ẹ̀rín náà yí padà sí i. Ṣùgbọ́n ojú ti tì mí. Mo wo Ìyá Télọ̀ níbi tó jókòó sí láàárín àwọn àgbà obìnrin. Ó ń mi orí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn.

A padà délé, a jẹun Ìkórè, kò sí ohun tó dùn lẹ́nu mi nínú rẹ̀. Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, báwo la ṣe máa ṣe é?" Ó ní, "Mo ti kọ́ ọ débi tí mo lè kọ́ ọ dé. Orí rẹ̀ ò gbà á." Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Ó tiẹ̀ fọwọ́ kàn mí lórí, orí tó ní kò gbà á. Bàbá mi ní, "Ẹ kú ìyànjú." Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ìkòkò, iṣu àti èmi sínú ọkọ̀, ó di Ofosu. Ìyá Àgbà ò jáde wá dágbére. Wọ́n wà ní ìdí iná, wọ́n kẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ẹkún ni.

Mo gbà pé orí mi ò gbà á. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin òbí. Ọmọ tí àgbà bá ti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí lórí, kì í bá a jiyàn. Mo ń dáná, mo ń pọnmi, mo ń kó kòkó tútù jáde nínú èèpo, mi ò fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìkìrun, nítorí Ìkìrun ló ti wá. Òun ló ń bójú tó oko bàbá mi kan, tí wọ́n jọ ń pín èso rẹ̀. Aládùúrà ni òun náà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo kọ́kọ́ lò níbẹ̀, ó wọ sùtánà rẹ̀, ó kó wa jọ sábẹ́ igi kòkó, a gbàdúrà. Sùtánà náà tọ́ lára rẹ̀ bí omi tó dúró. Nígbà tí a parí, ó bọ́ ọ, ó ká a sórí àpótí, ó ku òun àti ṣòkòtò, ó lọ gbé àdá. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ rẹlẹ̀. Ìka méjì.

Mo ní, "Bàbá, kí ló ṣe yín léjìká?"

"Èwo? Áà, ọ̀tún yìí? Àpò kòkó ni, ọmọ mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yín, ìlú Aládé ni mo wà, mò ń ru àpò kòkó sínú ọkọ̀. Èjìká kan ṣoṣo yìí ni mo fi rù ú títí ó fi jókòó báyìí." Ó rẹ́rìn-ín. "Télọ̀ tó bá fi òsì mi gé ọ̀tún, ńṣe ni aṣọ náà ń já bọ́ lára mi bí èyí tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀ka igi. Àfi ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní Odode. Àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Sùtánà mi àtijọ́ wà lọ́dọ̀ wọn, mo ní kí wọ́n fi ṣe àkísà."

Mi ò sunkún. Mo mú kùmọ̀, mo jókòó ti òkìtì kòkó tí wọ́n ká, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Mo fọ́ ọ títí Bàbá Ìkìrun fi ní, "Bọ́sẹ̀, èèpo là ń fọ́ o, kì í ṣe ẹni tó gbìn ín." Gbogbo rẹ̀ ń padà wá bá mi: ìka rẹ̀ lórí bébà mi, ẹ̀rín músẹ́ yẹn, ẹ̀pà tó dákẹ́. Orí mi gbà á. Mo gé aṣọ ẹni tí èjìká rẹ̀ rẹlẹ̀ láìṣìnà, pẹ̀lú èédú àti bébà sìmẹ́ǹtì, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìlà kan hàn mí. Ó mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, "Èjìká ọkùnrin yẹn kan rẹlẹ̀," ìyẹn ìbá tó. Ká ní ó jẹ́ kí n dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n rí i bó ṣe ń ṣẹ́ aṣọ po sí méjì, tí àlùmọ́gàjí fi ń gé ọ̀tún àti òsì pọ̀, ìyẹn náà ìbá tó.

Àwọn èèyàn ti bá mi sọ ọ́. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà ní Oǹdó nìyẹn, pé ọdún méje ló fi pọnmi kí ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ kó rí gígé. Mo gbọ́. Ṣé ẹni tí wọ́n fi ebi pa ni yóò fi ebi pa ọmọ àbúrò rẹ̀? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà nínú yàrá yẹn. Ó dúró lé mi lórí, ó ń jẹ ẹ̀pà. Wọ́n tún ní ṣebí mo padà di télọ̀, ṣebí Ofosu ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ara àwọn òṣìṣẹ́ oko ni mo fi kọ́ṣẹ́, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tó tọ́ nínú wọn, ẹ̀yìn ti tẹ̀, itan ti wọ́, mo sì ń gé aṣọ tó ń bá wọn mu. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn gbè é. Ẹni tó ti èèyàn sómi kọ́ ló kọ́ ọ ní lílúwẹ̀ẹ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyá Télọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, ó ń fọ̀pá rìn, ó gbé aṣọ funfun sábẹ́ abíyá. Ó ní, "Bọ́sẹ̀, gbogbo télọ̀ ìlú yìí ni ò mọ̀ ọ́n gé fún mi mọ́. Ó ń já bọ́ léjìká." Mo wò ó. Gbogbo ọdún tó fi tẹ̀ mọ́ maṣíìnì, tó ń fi ọwọ́ kan yí àgbá rẹ̀, ti fa èjìká kan wálẹ̀. Ọ̀tún ni. Mo ní kó dúró. Mo wọn èjìká òsì, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo wọn ọ̀tún, mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan?"

Mo ní, "Bàbá Ìkìrun ni, mà."

Ó wo ilẹ̀. Mo dúró. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ti ń dúró, mi ò ní kánjú nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ náà ń bọ̀. Mo tiẹ̀ gbé téèpù sílẹ̀ kí ọwọ́ mi lè ṣófo dè é. Nígbà tí mi ò gbọ́ ọ, mo tẹ́ ẹní, mo tẹ́ aṣọ náà lé e, gbalaja, láì ṣẹ́ ẹ po. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi rí i pé mo mú àlùmọ́gàjí, wọ́n sì pagbo yí mi ká, bí mo ṣe kọ́ wọn.

Ìyá Télọ̀ gbé orí sókè. Ó rọra tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Bọ́sẹ̀, rán àwọn ọmọ yìí lọ pọnmi ná."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà níbi aṣọ náà nígbà tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, gbogbo ara mi sì gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Mo ní, "Màmá, omi kún àmù." Mo yíjú sí àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ má wo òsì. Ẹ wo èjìká ọ̀tún, kí ẹ rí bí mo ṣe máa gé e." Mo sì gé e lójú wọn, díẹ̀díẹ̀, ìka méjì, kò há, kò já. Ìyá Télọ̀ jókòó síbẹ̀ lórí àga, ó ń gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí náà.